Yíyọ́ Ẹkùn Létí Adágún: Ohun Tí Ẹja Trout Ńlá Fi Kọ́ Mi

Ọdún kẹta tí mo ti ń pa ẹja trout nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló tó yé mi pé ọjọ́ tí okùn bá já kọ́ ni ẹja ńlá ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ó ti bọ́ tipẹ́tipẹ́ kí ìwọ̀ tó kan omi. Ẹsẹ̀ wa ló lé e, tàbí òjìji wa, tàbí apá tí a kàn gbé sókè láìronú. Àwọn àgbà ní yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́, ohun tí yóò jẹ ló ń wá. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, n kò mọ̀ pé etí adágún kan ní Hampshire ni yóò ti wọ̀ mí lára.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, kò sì sí bí ẹja ṣe lè ṣàjèjì sí ọmọ Ẹ̀pẹ́. Àbúrò bàbá mi ń da àwọ̀n lórí ọ̀sà, èmi ni mo máa ń gbọ́n omi jáde nínú ọkọ̀ ojú omi wọn, tí a ó sì kó ẹ̀pìyà, ọ̀bọ̀kún àti àrọ̀ lọ sí ọjà Olúwo kí oòrùn tó mú. Ẹni tó ń da àwọ̀n kì í wá ẹja kan pàtó. Ibi tí ẹja bá ń wà ló mọ̀, ibẹ̀ ló ń jù ú sí, ohun tí omi bá sì fún un ló ń gbà. Ọgbọ́n ńlá ni, ó bọ́ ilé wa. Àmọ́ òun náà ni mo gbé wá sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ló sì kọ́kọ́ dí mi lọ́wọ́.

Ọkọ̀ èrò ni mo ń wà ní Southampton. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ mú mi dé adágún náà, tí kò jìnnà sí Winchester. Mo gba ìwé àṣẹ ìpẹja lọ́wọ́ ìjọba, nítorí pé ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀ sínú odò tàbí adágún ní England láìní in lọ́wọ́. Mo san owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan, tó fún mi láyè láti mú ẹja mẹ́rin lọ sílé. Mẹ́rin náà pọ̀ jù fún mi lọ́dún yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Òkúta funfun kan tó rọ̀ ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ apá ibẹ̀, ẹfun gan-an ni. Bí òjò bá rọ̀, omi á rin wọ inú ẹfun yìí, á pẹ́ níbẹ̀ gan-an kó tó sun jáde padà. Nígbà tó bá fi máa jáde, ó ti mọ́ gaara bí omi tí a fi aṣọ sẹ́. Ní ojú ìsun, kì í gbóná kì í tutù ju bó ṣe wà lọ: nǹkan bí 10 tàbí 11 ló máa ń jẹ́ lórí òṣùwọ̀n Celsius, yálà yìnyín ń bọ́ lókè tàbí oòrùn ń ràn. Omi bẹ́ẹ̀ ló di odò Test àti odò Itchen, tí òkìkí wọn kàn dé ibi gbogbo tí wọ́n ti ń pa trout. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ní èyí tó pọ̀ jù nínú irú odò orí ẹfun yìí lágbàáyé. Àwọn àfonífojì odò wọ̀nyí ni wọ́n gbẹ́ àwọn adágún kéékèèké sí, tí wọ́n sì ń sin ẹja sínú wọn.

Ẹja náà kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀. Brown trout ni onílẹ̀. Rainbow trout wá láti àwọn odò tó ń ṣàn lọ sí Òkun Pàsífíìkì ní Amẹ́ríkà ti Àríwá, láàárín ọdún 1880 sí 1890 ni wọ́n kó ẹyin rẹ̀ dé. Ní àwọn ọdún 1970, Sam Holland, ẹni tó ni adágún Avington lẹ́bàá Winchester, bẹ̀rẹ̀ sí í sin rainbow trout títí wọ́n fi tóbi ju ohun tí ojú àwọn apẹja ìlú ọ̀hún mọ̀ lọ. Omi mọ́, ẹja tóbi, ojú sì ń rí i nísàlẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ni àṣà kan ṣe gbilẹ̀: kí ènìyàn má kàn máa ju ìwọ̀ kiri, kí ó wá ẹja kan ṣoṣo, kí ó fojú rí i, kí ó yọ́ bá a. Ọdẹ ṣíṣe ni, inú omi ni ẹran wà.

Ohun tí a fi ń dẹ ẹ́ kì í ṣe ekòló. Kòkòrò ẹ̀tàn ni: ìyẹ́ ẹyẹ, òwú àti wáyà bàbà tín-ín-rín tí a wé mọ́ ìwọ̀ kékeré kan títí yóò fi jọ ọmọ kòkòrò inú omi. Kò ní ìwúwo tí ọwọ́ lè fi jù ú. Okùn tó nípọn ni ọ̀pá ń jù, okùn náà ló ń fa kòkòrò lọ. Ní ìparí okùn yẹn ni a máa ń so okùn mìíràn mọ́, tó tín-ín-rín tí kì í hàn nínú omi. Oṣù méjì gbáko ni mo fi kọ́ bí mo ṣe lè jù ú jìnnà, inú mi sì dùn nígbà tí mo ń jù ú dé àárín adágún. N kò mọ̀ pé ìtòsí ẹsẹ̀ mi ni ẹja ńlá wà.

Bàbá arúgbó kan ló ń ṣọ́ adágún náà. Ó ti wò mí fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi, ó ní kí n gbé ọ̀pá mi sílẹ̀ sórí koríko, kí n tẹ̀ lé òun. Ẹ̀wù òjò aláwọ̀ ọsàn ló wà lọ́rùn mi, ó ní kí n bọ́ ọ. Ó yá mi ní awò ojú kan, irú èyí tó ń gba dídán orí omi kúrò. Bí mo ṣe gbé e wọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ká aṣọ kúrò lójú fèrèsé ni. Ibi tí mo ti ń rí ojú sánmà àti igi lórí omi tẹ́lẹ̀, isàlẹ̀ ni mo ń rí: koríko omi, ẹfun funfun, àti ẹja kan tó gùn tó apá mi, tó kàn dúró síbẹ̀ tó ń mí.

Bàbá ní kí n má gbé ojú kúrò lára ẹja náà. Ó fi mí sílẹ̀, ó rìn yí igbó kan ká, ó wá gba ẹ̀yìn igi bọ̀ wá sétí omi níbi tí ẹja kò ti lè rí i rárá. Ó kàn rìn bí ènìyàn ṣe ń rìn ni, kò janlẹ̀, kò sáré. Ìṣísẹ̀ kejì, lẹ́bẹ́ ẹja náà le. Ìkẹta, ó rì díẹ̀. Ìkẹrin, ó ti lọ, kò ta omi, kò pariwo, bí òjìji tí oòrùn kúrò lórí rẹ̀. Ẹja ní ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, láti orí dé ìrù, tí ó fi ń gbọ́ bí omi ṣe ń mì. Ilẹ̀ etí omi rọ̀, ohun tó bá mì lórí rẹ̀, omi gbọ́ ọ.

N kò lè sọ bí ó ṣe rí lára mi lọ́jọ́ yẹn tán. Mo ronú gbogbo ọjọ́ Sátidé tí mo ti fi bàtà rọ́bà ńlá rìn gbàù-gbàù yí adágún yẹn ká, tí mo ń sọ pé omi ò lẹ́ja.

Láti ìgbà náà ni mo ti tún ẹsẹ̀ mi kọ́. Ẹ̀yìn ẹja ni mo ń gbà bọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni kò ríran sí. Tí mo bá kù díẹ̀ kí n dé etí omi, mo ń kúnlẹ̀, ìgbà mìíràn mo ń fàyà fà. Kì í ṣe àṣejù. Láti inú omi, ojú ihò kan rìbìtì lókè ni ẹja fi ń wo ayé wa, ohun gbogbo tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí bèbè á sì fún pọ̀ sí etí ihò náà, kì í hàn dáadáa. Ẹni tó dúró gangan dà bí òpó lójú rẹ̀. Ẹni tó kúnlẹ̀, tí igbó sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti di ara igbó. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tó ti ṣá ni mo ń wọ̀, fìlà mi sì ní etí tó bo ojú. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn mi, mo ń wo ibi tí òjìji mi máa balẹ̀ sí kí n tó sún. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ lórí omi dára fún ẹni tó ń yọ́, nítorí ìgbì wẹ́wẹ́ á da ojú ẹja rú, àmọ́ ó ń da tèmi náà rú.

Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ẹja kan wà lábẹ́ igi willow nínú oṣù karùn-ún, mo yọ́ bá a fún bí ogún ìṣẹ́jú, kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Mo ju kòkòrò síwájú rẹ̀, ó kọjá lẹ́nu rẹ̀ gan-an, ó kọ̀ ọ́. Mo tún jù ú. Mo pààrọ̀ kòkòrò lẹ́ẹ̀marùn-ún, láti dúdú dé aláwọ̀ ewé dé èyí tó pupa bí ekòló ẹrẹ̀. Ó kàn dúró síbẹ̀ bí ọba. Mo bínú, mo ní ẹja yìí ti gbọ́n jù.

Nígbà tó lọ tán ni mo ti ọ̀pá àwọ̀n mi bọ omi níbi tó dúró sí. Omi tí mo pè ní ẹsẹ̀ bàtà 3 ju 4 lọ. Ẹ ti igi ìgbálẹ̀ kan bọ ife omi, ẹ ó rí i bí ẹni pé ó ṣẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ nígbà tó bá ń jáde láti inú omi ló ń fà á. Bí ènìyàn bá tilẹ̀ wò ó láti òkè tààrà, ohun tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 4 á dà bí ẹni pé ó wà ní 3. Bí a bá wá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, bí a ṣe ń wo ẹja, irọ́ náà ń pọ̀ sí i. Kòkòrò mi kò kọjá lẹ́nu ẹja yẹn nígbà kankan. Orí rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Ẹja tí mo pè ní ọlọgbọ́n kò tíì rí oúnjẹ.

Nítorí náà ni mo ṣe ń lo kòkòrò tó ń tètè rì. Àwọn àgbà ìdí iṣẹ́ yìí, bíi Richard Walker, máa ń fi òjé sínú tiwọn. Wáyà bàbà ni mo ń wé sínú tèmi. Kí n tó ju èyíkéyìí sí ẹja, mo ń kọ́kọ́ jù ú sínú omi etí bèbè tí ojú mi tó isàlẹ̀ rẹ̀, mo ń kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Mo gbọ́dọ̀ mọ iye tí yóò fi kan ilẹ̀. Ẹni tí kò bá ka èyí, ó kàn ń méfò ni.

Ìrora tó tẹ̀ lé e kò ní ọgbọ́n kankan nínú, agbára ni mo fi bà á jẹ́. Ẹja ńlá àkọ́kọ́ tó gbé kòkòrò mi sá lọ bí ọfà. Ẹ̀rù bà mí, mo fi ìka há okùn mọ́ ara ọ̀pá, ohun tí n kì bá ti ṣe rárá. Mo gbọ́ ìró kan, tín, ó parí. Okùn tín-ín-rín mi já, ìwọ̀ mi wà lẹ́nu ẹ̀dá alààyè tó ń lọ sí abẹ́ koríko. Ìwọ̀ náà kò ní ẹ̀gún, òfin adágún nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kó ti bọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Síbẹ̀ n kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, okùn tó le ju tàtẹ̀yìnwá lọ ni mo ń so, kì í ṣe nítorí kí ẹja má baà lọ nìkan, kó má baà gbé irin lọ ni. Bí ó bá fẹ́ sá, mo ń jẹ́ kó sá, ẹ̀rọ tó ń ká okùn ló ń dá a dúró díẹ̀díẹ̀.

Oṣù kẹwàá tó kọjá ni mo wá rí èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an. Òwúrọ̀ ni, ìkùukùu ṣì wà lórí omi. Mo ti kúnlẹ̀ sẹ́yìn esùsú kan kí n tó rí i: ẹ̀yìn rẹ̀ ṣú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú bí aṣọ àlàárì tó ti gbó. Ó ń rìn, kò dúró. Ó jáde lábẹ́ koríko omi, ó kọjá lórí ojú ẹfun funfun kan tó tó ẹní, ó lọ síhà ibi tí omi ń gbà jáde, ó sì pòórá. Ọwọ́ mi ti wà lára ọ̀pá. Mo gbé e kúrò.

Mo wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó tún jáde lábẹ́ koríko omi kan náà, ó gba orí ẹfun kan náà kọjá. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀. Ẹja tó ń rìn ní ọ̀nà, bí ẹtu ṣe ní ọ̀nà. Bí mo bá ju kòkòrò lù ú lórí níbi tó ń rìn, yóò bẹ́. Àmọ́ bí kòkòrò bá ti wà nílẹ̀ kó tó dé, òun ló máa wá bá a.

Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, mo ju kòkòrò náà, kò ju mítà mẹ́fà lọ. Mo jẹ́ kó rì títí ó fi sùn sórí ẹfun. Mo dúró. Orúnkún mi ti rin, ẹ̀fọn ń jẹ mí létí, n kò mira. Ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn gùn ju wákàtí mẹ́jọ tí mo ń lò nídìí ọkọ̀ lọ.

Ó jáde. Nígbà tó ku bí ẹsẹ̀ bàtà 2, mo gbé orí ọ̀pá sókè pẹ̀lẹ́, ìwọ̀n ìka mẹ́rin péré, kòkòrò náà sì dìde lórí ẹfun bí ohun tó fẹ́ sá lọ. Frank Sawyer, ẹni tó ṣọ́ odò Avon ní Wiltshire fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló sọ ọgbọ́n yìí di mímọ̀: ẹja tí ebi kò pa pàápàá kì í fẹ́ kí oúnjẹ sá mọ́ ọn lójú. Ẹja mi yà sí ọ̀tún. Mo rí funfun inú ẹnu rẹ̀, ó là, ó pa á dé. Okùn kò tíì mì, ọwọ́ mi kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ojú mi ló sọ fún mi. Mo gbé ọ̀pá.

Ìṣẹ́jú méjìlá ni a fi jọ fà á. Ó sá dé òdìkejì lẹ́ẹ̀mejì, mo sì jẹ́ kó sá. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, mo ri àwọ̀n sínú omi, n kò gbé e lépa rẹ̀, ẹja ni mo fà wá sórí àwọ̀n. Kílò 5.4. Kùmọ̀ kékeré ni wọ́n fi ń pa á ní kíá, kó má baà jìyà. Àlùfáà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe kùmọ̀ yẹn, nítorí òun ló ń ṣe ètò ìkẹyìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹja náà ní èdè Yorùbá kí n tó ṣe é. N kò mọ ẹlòmíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ó kàn tọ́ lójú mi ni.

Nílé, ìyàwó mi là á, ó pè mí sí ìdáná. "Bàbá Ìbejì, ṣé ara ẹja yìí yá báyìí? Ó pupa nínú." Mo sọ fún un pé oúnjẹ tí wọ́n ń fún un ló ní àwọ̀ náà nínú, èyí tó bá dàgbà sínú odò fúnra rẹ̀, ara edé wẹ́wẹ́ tó ń jẹ ló ti ń rí i. Ó fi ata rodo, efinrin àti àlùbọ́sà sè é. Omi tútù oṣù kẹwàá ti lé òórùn ẹrẹ̀ tó máa ń wà lára ẹja ìgbà ooru lọ. Awọ rẹ̀ dùn ju ti ọ̀bọ̀kún lọ lẹ́nu mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní sọ ìyẹn ní Ẹ̀pẹ́.

Mo pe bàbá mi kékeré lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo kí wọn tán, mo ròyìn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ẹyọ kan, láti àárọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n tún dákẹ́, wọ́n wá bi mí bóyá ẹja náà rí mi kó tó jẹ ẹ́. Mo ní kò rí mi. Wọ́n ní kí n sọ bó ṣe lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n má fo nǹkan kan.

Sátidé tó kọjá, mo ti mú ẹja mẹ́rin mi kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo tú ọ̀pá, mo dì í, mo ń lọ síbi tí mo gbé ọkọ̀ sí, ni mo bá rí òmíràn lábẹ́ afárá pákó, ó ju ti oṣù kẹwàá lọ dáadáa. Tíkẹ́ẹ̀tì mi ti tán. Mo gbé ẹrù mi sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ sínú koríko, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka aago. Abẹ́ afárá, igi alder tó ṣubú, ẹnu omi tó ń wọlé, padà. Ìṣẹ́jú méje. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin, títí bàbá arúgbó fi wá sọ pé òun fẹ́ ti géètì. Mo na ọwọ́ sí abẹ́ afárá. Òun náà wò, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì rọra kúnlẹ̀ tì mí.